Irú Ọmọ Wo Ni O Jẹ́ Nílé? Ọ̀rọ̀ lórí Ìrántí Ìgbà Èwe àti Agboolé Wa

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi àjọ̀dún ìbílẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ní Abomey-Calavi

      

Àwọn tó ṣètò àjọ̀dún yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrántí ìgbà èwe àti ìgbé ayé ìdílé. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ìbéèrè kan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: irú ọmọ wo ni o jẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré? Létí, ìbéèrè tó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bá jókòó tì í, yóò rí i pé òun nìkan kò lè dáhùn rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tí òun kọ́kọ́ rìn, tàbí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òun. Ẹlòmíràn ló rí i, ẹlòmíràn ló sì lè sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ìgbà èwe wa wà lẹ́nu àwọn tó tọ́ wa, ó sì yẹ kí á lọ gbà á lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.

Orúkọ àti oríkì

Àwọn baba wa mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ọmọ tó mọ ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe wáyé. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà ìbí, Àjàyí ni. Èyí tó mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni à ń pè é. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Èyí tí irun rẹ̀ ta kókó, Dàda ni. Èyí tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Táyé àti Kẹ́hìndé dé pọ̀, Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú. Ẹni tó ń jẹ́ Málọmọ́ tàbí Dúrójaiyé, kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí òun tó dé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń sọ ẹkún tí ìyá rẹ̀ ti sun lórí àwọn tó wá ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ, oríkì wà: Àjàní, Àkànní, Àlàó fún ọkùnrin; Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́ fún obìnrin. Ìyá tó ń bínú kì í fi oríkì pe ọmọ. Ìgbà tó bá fẹ́ jí i láàárọ̀, tó bá fẹ́ tù ú nínú àìsàn, tàbí tó bá fẹ́ dúpẹ́ iṣẹ́ tó jẹ́, ìgbà náà ni oríkì ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ oríkì rẹ̀ ti gbọ́ ìfẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ.

Àjàyí àti ìyá rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1821, ogun wọ ìlú Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni. Wọ́n pín wọn níyà, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní oṣù kẹrin 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ní ọdún 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó di Samuel Crowther, ṣùgbọ́n kò ju orúkọ Àjàyí nù. Ní ọdún 1837, ó kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un sílẹ̀. Ní ọdún 1843, ó di àlùfáà, ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe sì jáde ní ọdún yẹn kan náà. Lẹ́yìn náà ni ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Èyí tó kàn wá jù lónìí ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta. Nígbà náà, ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá náà, Àfàlà, gbọ́ pé ọmọ òun wà ní ìlú, ó sì wá. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá òun. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọkùnrin yìí mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó ti kọ ìtàn ìgbà èwe ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó rántí àwọn orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi wọ́n pè é mọ́ àfi ìyá yìí. Ìyá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ló mọ irú ọmọ tí àlùfáà yìí jẹ́ nílé.

Bí agboolé ṣe ń mọ ọmọ

Báwo ni ilé ṣe ń mọ irú ọmọ tí a jẹ́? Àwa tí a dàgbà ní agboolé mọ̀ ọ́n. Agboolé tiwa wà ní ẹ̀gbẹ́ Pọ́bẹ̀, láàárín igi ọ̀pẹ. Àwọn ìyá wa ń ṣe epo, àwa ọmọdé ń pọnmi, a ń ṣa ẹyìn tó bọ́ sílẹ̀, a sì ń kó ìhá jọ láti fi dá iná. Abọ́ kan ni ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ń bu oúnjẹ nínú rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù ló ń pín ẹran, èyí tó kéré jù ló ń fọ abọ́. Àgbà kan á jókòó lẹ́nu ọ̀nà bíi pé kò wo wá, ṣùgbọ́n ó rí ẹni tó ń bu òkèlè ńlá, ó rí ẹni tó ń fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó rí ẹni tó dìde kí abọ́ tó ṣófo kí wọ́n má baà ní kó fọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òṣùpá á yọ, a ó pa àlọ́. Níbẹ̀ náà, wọ́n mọ ẹni tó ń bẹ̀rù, ẹni tó ń gbà orin gbà kí wọ́n tó dá a tán, àti ẹni tó ń sùn kí Ìjàpá tó dé ilé àna.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo dùn. Àwọn orogún ń jà. Àìsàn ń mú ọmọ lọ, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Ní ilé ẹ̀kọ́, bí o bá sọ èdè ìyá rẹ, wọ́n á fi ohun kan kọ́ ọ lọ́rùn, wàá máa gbé e kiri títí wàá fi mú ẹlòmíràn tó sọ èdè tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá kù sí lálẹ́, ẹgba ni. Ọmọ kan náà tí wọ́n ń fi oríkì jí ní ìdájí ni wọ́n ń nà ní ọ̀sán nítorí èdè tí oríkì náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rántí ìgbà èwe rẹ̀, kó rántí méjèèjì.

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé dàgbà. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún bíi mẹ́jọ, ìbátan wa obìnrin kan wá láti Kútọnu. Ó fẹ́ mú ọmọ méjì lọ, kí wọ́n máa bá a gbé ọjà, kí ó sì fi wọ́n sílé ẹ̀kọ́. Ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Èmi náà ti di ẹrù mi. Ìyá àgbà mi ní èmi kò ní lọ. Wọn kò ṣàlàyé. Wọ́n gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó lé e títí ọkọ̀ fi lọ. Inú mi kò dùn rárá, ọmọdé kò sì lè mọ ohun tó wà nínú àgbà.

Mo ti di bàbá ọlọ́mọ kí n tó bi àbúrò bàbá mi obìnrin léèrè. Wọ́n ní, "Ṣé wọn kò sọ ọ́ fún ọ ni?" Wọ́n wá ṣàlàyé pé ìyá àgbà mi ní àbúrò obìnrin kan tí wọ́n fi fún ẹnì kan ní etí òkun kí ó máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó wá kí wọn nílé. Ìyá wọn kí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oríkì rẹ̀ pé, "Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀." Kò dáhùn. Ó ń wò yíká kó lè mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ìyá wọn bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà mi ti ní ọmọdé kankan kò ní ti ọwọ́ òun lọ kó tó gbó. Àbúrò bàbá mi wá ní, "Ìwọ wá burú jù. Kí wọ́n tó pe oríkì rẹ tán, o ti dáhùn. Wọn kò lè fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ibì kankan."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó lọ, ó ṣe dáadáa, ó sì padà wálé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá ti ilé lọ ló ń sọnù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ nǹkan kan nípa ara mi tí n kò lè mọ̀ láéláé bí n kò bá béèrè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àbúrò bàbá mi kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nílẹ̀ lónìí

Ẹ má jẹ́ kí á rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní orílẹ̀-èdè wa, gbogbo ènìyàn mọ ọmọ tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Láti inú àṣà rere ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ìbátan lè bá ìbátan tọ́ ọmọ. Nígbà tó yá, àwọn kan sọ ọ́ di òwò. Ní oṣù kẹrin 2001, gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi Etireno tó padà sí èbúté Kútọnu pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú. Ní ọdún 2006, ìjọba ṣe òfin lórí bí a ṣe lè mú ọmọdé kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn àti lórí òwò ọmọdé. Ní ọdún 2015, a ní òfin tó dá lórí ọmọdé nìkan. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ní ọdún 1990, orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, èyí tó ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ rẹ̀ àti sí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà mi jókòó lé lórí àpótí lọ́jọ́ yẹn ni ìwé náà ń sọ.

Ọmọ tí kò kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ pàápàá lè pàdánù. Ẹ wo Abomey-Calavi wa yìí. Ní ìkànìyàn ọdún 2002, a jẹ́ 307,745. Ní ti ọdún 2013, a ti di 656,358. A wá láti ibi gbogbo, a ń gbé ní Godomey, ní Akassato, ní Togba, ní Hêvié, yàrá méjì, pálọ̀ kan. Bàbá ti gun ọ̀kadà kọjá sí Kútọnu kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ti lọ sọ́jà. Faransé ni ọmọ ń sọ nílé ẹ̀kọ́, Fọ̀n ló ń sọ ní àdúgbò. Ìyá àgbà wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, lórí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo bí ọmọ yìí ṣe ń jẹun? Bó bá di ẹni àádọ́ta ọdún, ta ni yóò sọ irú ọmọ tó jẹ́ fún un?

Ìwé àti ẹnu

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba wa, ẹ mọ ọ̀rọ̀ Faransé méjì tó wà lórí ìwé ìbí ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà: né vers. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìkànìyàn RAVIP ní ọdún 2017, àwọn àgbà tó tò síbẹ̀ pẹ̀lú irú ìwé yìí kò kéré. Ìyá mi kò lè sọ ọdún tí wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni, pé òjò ti ń rọ̀ láti òru, pé àgbàdo tuntun ti jáde, àti ẹni tó sáré lọ pe agbẹ̀bí. Ìwé mọ ọdún, kò mọ ọjọ́ ọjà. Ẹnu mọ ọjọ́ ọjà, kò mọ ọdún. A nílò méjèèjì.

Àwọn tó ti kọ tiwọn sílẹ̀ fi hàn wá pé ohun kékeré ló ń gbé ìrántí dúró. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1934, kọ ìwé Aké nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1981. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ó gba ẹ̀bùn Nobel. Nínú ìwé yẹn, ẹ ó rí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ kékeré tó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọlọ́pàá títí ó fi jìnnà sílé, àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó dìde nítorí owó orí. Nítorí pé ẹnì kan rántí ilé rẹ̀, ìtàn ìlú kan wọ inú ìwé.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa náà, tí a fi ń bọlá fún àwọn ìyá, UNESCO ti kéde rẹ̀ ní ọdún 2001, ó sì ti wà lórí àkọsílẹ̀ wọn láti ọdún 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n UNESCO kò lè kọ ohun tí ìyá rẹ mọ̀ nípa rẹ. Ìwọ ni iṣẹ́ yẹn já lé léjìká.

Ohun tí a lè ṣe

Èkíní, ẹ lọ bá àwọn àgbà yín ní ọdún yìí, kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n sọ ìtàn ayé wọn, àgbà kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun kékeré. Ta ló sọ mí lórúkọ, kí ló sì rí kó tó sọ ọ́? Ta ló ń pọ̀n mí? Kí ni mo máa ń sunkún lé lórí? Yàrá wo ni mo ń sùn sí? Àìsàn wo ló ṣe mí tí ẹ fi bẹ̀rù? Ta ni mo fẹ́ràn jù nínú ilé? Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí àgbà bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òkú kan ni wọ́n ń bò.

Èkejì, ẹ̀yin òbí, ẹ fi oríkì pe àwọn ọmọ yín. Kò gba owó, kò gba àkókò. Bí ẹ kò bá mọ oríkì ìdílé, ẹ pe ilé kí ẹ béèrè. Kí ẹ sì ra ìwé àjákọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tó rìn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹni tó gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ kò ní sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ọmọ ẹlòmíràn ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ mú un lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Ẹ béèrè oríkì rẹ̀, kí ẹ sì máa fi pè é.

Ẹ̀kẹrin, mo bẹ mairie wa. Arrondissement mẹ́sàn-án la ní. Bí a bá rí yàrá kan ṣoṣo tí a ti lè gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, Yorùbá, Fọ̀n, Àìzọ̀, Gùn, gbogbo wa, tí a sì tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, iṣẹ́ ńlá ni yóò jẹ́. Yunifásítì wà láàárín wa níbí láti ọdún 1970, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa ṣe é. Bákan náà, nígbà tí a bá wá kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ ní sùúrù kí ẹ gbọ́ orúkọ ìdílé náà dáadáa, kí ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Mi ò ní pẹ́ ju báyìí lọ, ìlù ti ń dún níta, ẹsẹ̀ yín ti ń yá. Olódùmarè yóò dá àwọn àgbà wa sí kí a lè gbọ́ tẹnu wọn. Ọmọ wa kò ní sọnù. Ibikíbi tí wọ́n bá wà, wọn yóò máa dáhùn nígbà tí a bá fi oríkì pè wọ́n. Ẹ̀mí yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ọmọ yóò sì sin wá. Àṣẹ.